OWÓ ORÍ ÀTI IYE ORÍ: Ìkànìyàn àti Ìwọ̀n Ìnáwó Ìjọba, bí a ti rí i láti Igbó-Ọrà

Ìfáàrà

Nígbà tí a ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ìtàn níhìn-ín, àwọn kan lérò pé ìtàn ogun ni n óò sọ, tàbí ìtàn oyè. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ní idà nínú, kò sì ní adé. Ọ̀rọ̀ òǹkà ni: iye ènìyàn tí a sọ pé ó wà, iye tí a fojú dá pé wọn yóò dà ní ọdún tí ń bọ̀, àti bí iye náà ṣe ń pinnu ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ lè ná. Síbẹ̀, òǹkà yìí ti kọ́ ilé-ìwé, ó ti sọ ilé ìwòsàn di ahoro, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú orílẹ̀-èdè yìí ká rí.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà ni Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ìlú méje ni a máa ń kà sí Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Ìdí méjì ni mo fi yan ibẹ̀. Èkíní, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Èkejì, Igbó-Ọrà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú díẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí a ti ka ènìyàn ní ọ̀nà méjì: ọ̀nà ti ìjọba, tí owó àti àga ìgbìmọ̀ so mọ́, àti ọ̀nà ti àwọn oníṣègùn, tí kò sí ohun tí ó so mọ́ ọn ju ìlera lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Ìgbà tí a ń fi orí pamọ́

Àwọn baba wa a máa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí ó bí baba mi kò jẹ́ dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iye ọmọ-ọmọ rẹ̀. Yóò ní, ‘Ọlọ́run ni ó mọ iye wọn.’ Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé nípa ìkànìyàn ní ilẹ̀ wa rò pé èèwọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí òǹkà àtijọ́ kéré. Èmi kò sọ pé èèwọ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi gbogbo ẹ̀bi lé èèwọ̀ lórí ti gbàgbé owó orí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé orúkọ owó náà yẹ̀ wò. Orí ni a ń san án lé. Lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, gbogbo ọkùnrin tí ó ti dàgbà ni ó ní láti san án, ẹni tí kò bá sì san án yóò fara gbá a. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ agbo-ilé tí ó ń béèrè iye ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn kò lè kà á sí ohun mìíràn ju aṣíwájú agbowó-orí lọ. Nígbà tí ìkànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Àwọn géńdé ọkùnrin lọ sí oko, àwọn ìyá sì gbé àwọn ọmọ pamọ́. Iye tí ó jáde fún gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ mílíọ̀nù 6.1; bí a bá yọ apá tí ó di Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn náà kúrò, ó kù bí mílíọ̀nù 4.6.

Ìjọba Ẹkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì ka òǹkà náà tán tí ó fi gbèsè rẹ̀ lé e lórí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn náà kò pé 460,000. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ní 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Àwọn olùṣètò ti mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n fojú sọ́nà fún lọ. Àwọn ọmọ tí a gbé pamọ́ fún akàwé ìjọba jáde wá sí iwájú olùkọ́. Kíláàsì kò tó, olùkọ́ kò tó, owó kò sì tó.

Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó fi orí pamọ́ nítorí owó tí yóò san ti fi orí ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún owó tí ó yẹ kí a ná lé e. Ṣùgbọ́n kí a tó bá àwọn òbí wa wí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ fi òǹkà ṣe ohun èlò owó orí.

Ìgbà tí a ń sọ orí di púpọ̀

Láàárín ọdún 1952 àti 1962, ohun kan yí padà. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún àwọn ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ju owó tí ẹkùn ń bù lára orí lọ. Ìgbìmọ̀ Raisman, tí ó jókòó ní 1958, dá àpò kan sílẹ̀ tí gbogbo ẹkùn yóò máa pín, ó sì fi iye ènìyàn ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó fi wọn ìpín wọn: 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún Àríwá, 31 fún Ìlà-Oòrùn, 24 fún Ìwọ̀-Oòrùn, àti 5 fún Gúúsù Kamẹrúùnù. Iye àga ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú dúró lórí òǹkà kan náà. Orí tí ó ti jẹ́ gbèsè wá di owó. Ẹni tí ó sì gbọ́n tó láti fi gbèsè pamọ́ gbọ́n tó láti sọ owó di púpọ̀.

Bí ìkànìyàn oṣù Karùn-ún 1962 ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n fagi lé e ní 1963, wọ́n sì tún òmíràn kà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Apapọ̀ orílẹ̀-èdè, tí kò ju bí mílíọ̀nù 30 lọ ní 1952 sí 1953, di mílíọ̀nù 55.67. Ìjọba Ìlà-Oòrùn kọ èsì náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ náà kò gbà láti dá sí i.

Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo rántí àwọn àgbà agbo-ilé wa tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí akàwé dé. Kò sí ẹni tí ó sá lọ sí oko. Wọ́n ń rán ara wọn létí: wọn kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó wà ní Èkó, tàbí ẹni tí ó lọ sí Gáànà, tàbí aya tí ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ wá gbé lọ́dún tí ń bọ̀. Mo gbọ́ orúkọ ọkùnrin kan tí a ti sin ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Akàwé rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ ohun tí ẹ̀rín náà ná wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. A máa ń pariwo pé àwọn ẹlòmíràn fi irọ́ kún òǹkà wọn, a sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó jẹ́ bí mílíọ̀nù 4.6 ní 1952, láìka Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, di mílíọ̀nù 10.27 ní 1963. Ó ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún 11. Kí èyí tó lè jẹ́ òtítọ́, a ní láti máa pọ̀ sí i ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọọdún. Kò sí ènìyàn kan ní ayé tí ń bímọ bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú ìyàtọ̀ náà ni àwọn tí a fi pamọ́ ní 1952. Apá kejì sì ni àwọn tí a dá ní 1963 láìsí ìyá, láìsí baba.

Èdè àwọn ìbejì

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò fi dá mi lóhùn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ará Igbó-Ọrà: ‘Ṣé o ti gbàgbé ìbejì ni?’ Èmi kò gbàgbé. Oníṣègùn Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde ní 1969 tí ó fi hàn pé, nínú 1,000 ìbímọ ní Igbó-Ọrà, bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Iye yìí ju ìlọ́po mẹ́ta ti ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà lọ. Ohun ìyanu ni, a sì ń ṣe ọdún lé e lórí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìbejì kò lè gbèjà ìkànìyàn. Bí 45 nínú 1,000 ìbímọ bá jẹ́ ìbejì, ọmọ 1,045 ni a ó gbé lọ́wọ́ dípò 1,000. Ìyẹn kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní àfikún, àwọn ìbejì sì ni ikú ọmọ ọwọ́ máa ń tètè mú jù láyé àtijọ́. Ìlú tí ó ní ìbejì jù lọ lágbàáyé kò lè fi ìbejì sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 11.

Bí a ṣe mọ ọ̀rọ̀ ìbejì yìí gan-an ni ó yẹ kí a fi ojú sí. Ní 1963, ọdún kan náà tí akàwé ìjọba rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation, ó sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gbé láàárín ìlú. Wọ́n ń lọ láti agbo-ilé dé agbo-ilé, wọ́n sì ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Wọn kò mú ìwé owó orí dání, wọn kò sì ṣèlérí pé a ó fi àga kan kún àga wa ní ilé ìgbìmọ̀. Bí ọmọ bá kú, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó pa á. Àwọn ìyá wa, tí wọn kì í ka ọmọ fún ẹnikẹ́ni, ka ọmọ fún wọn. Èèwọ̀ kò yí padà. Ohun tí a fẹ́ fi òǹkà ṣe ni ó yí padà.

Owó tí ó tẹ̀lé òǹkà

Lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní 1967, òfin ìjọba ológun ti 1970 sọ pé kí a pín àpò àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà méjì: ìdajì ní dọ́gbadọ́gba, ìdajì kejì gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn. Epo rọ̀bì sì ń sọ àpò náà di ńlá. Láti ìgbà yìí ni òǹkà ti di odi tí ó yí ìnáwó ìpínlẹ̀ ká. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé, ‘Ìpínlẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ná ju báyìí lọ.’ Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó ń retí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ láti àpò àpapọ̀, ibi tí ìpín rẹ̀ bá parí sí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò dé.

Ìkànìyàn 1973 wá fi ibi tí eléyìí lè já sí hàn. Èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé apapọ̀ orílẹ̀-èdè ti di mílíọ̀nù 79.76. Ìpínlẹ̀ Kano fò láti mílíọ̀nù 5.77 sí 10.9. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀ dín kù, láti mílíọ̀nù 9.49 sí 8.92. Ariwo ta, Awólọ́wọ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ èsì náà ní gbangba. Nígbà tí Ọ̀gágun Murtala Mohammed gba ìjọba ní oṣù Keje 1975, ó fagi lé e, ó sì ní kí a máa lo òǹkà 1963 lọ.

Ìpinnu yìí pa ariwo, ṣùgbọ́n kò pa irọ́. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, tí ó ní Ọ̀ṣun nínú, ènìyàn mílíọ̀nù 5.2 ti 1963 ni ó gbé wọlé. Kano nìkan ni ó jù ú lọ nínú ìpínlẹ̀ 19. Láti mọ iye ènìyàn ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn olùṣètò a máa fi bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún òǹkà 1963 lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí ohun tí irú ìfojúdíwọ̀n báyìí ń ṣe. Bí gbogbo ìpínlẹ̀ bá ń fi ìdá kan náà pọ̀ sí i, ìpín ẹnikẹ́ni kò yí padà. Ẹni tí ó purọ́ ní 1963 ń jẹ èrè rẹ̀ lọ, ẹni tí kò pọ̀ sí i mọ́ ń pọ̀ lórí ìwé, ìlú tí ènìyàn sì ń wọ́ wá sí lójoojúmọ́ kò rí àfikún kankan gbà nítorí wọn.

Òfin ìpínwó ti 1982 sọ pé, nínú owó tí ó jẹ́ ti gbogbo ìpínlẹ̀, kí a pín 40 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́gbadọ́gba, 40 gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn, 15 nítorí ìdàgbàsókè àwùjọ, tí wọ́n fi iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ̀n, àti 5 nítorí ìgbìyànjú ìpínlẹ̀ láti pa owó fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìdá 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè lórí ìwé. Nítorí náà, nínú 100 náírà tí a bá pín fún àwọn ìpínlẹ̀, náírà 3 àti kọ́bọ̀ 74 ń wọlé fún Ọ̀yọ́ nítorí iye orí nìkan, nígbà tí ìpín dọ́gbadọ́gba kò mú ju náírà 2 àti kọ́bọ̀ 10 wá. Lórí irú ìpìlẹ̀ báyìí ni a gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìgbà ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè lé.

Ọjọ́ tí òtítọ́ bá wa

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa lọ fún ọdún 28. Ní oṣù Kọkànlá 1991, ìjọba sé ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì ka olúkúlùkù níbi tí ó wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀ṣun ti kúrò lára rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ní 3,452,720. Ọ̀ṣun ní 2,158,143. Ẹ pa wọ́n pọ̀: mílíọ̀nù 5.61. Láti 1963 sí 1991, ilẹ̀ tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 5.2 kò fi ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nígbà tí orílẹ̀-èdè lápapọ̀ fi bí ìdá 60 pọ̀ sí i. Ìpín wa nínú ènìyàn orílẹ̀-èdè já láti ìdá 9.4 sí 6.3. Ní 2006 pẹ̀lú, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì kò ní ju ìdá 6.4 lọ.

Mo gbọ́ àwọn tí ó sọ pé wọ́n jí wa kà. Èmi kò lè búra pé ìkànìyàn 1991 mọ́ bí omi àfèémọ́jú. Ṣùgbọ́n mo rí ìdí méjì tí kò nílò olè kankan. Èkíní, àwọn òkú tí a kà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní 1963 kò jáde sí ìta ní 1991. Èkejì, àwọn alààyè wa ti lọ. Ọmọ Ìbàràpá tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Èkó ni a ti kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni ó ń kọ́ sí, ilé ni ó sì ń wá ṣọdún. Ìpínlẹ̀ Èkó fò láti mílíọ̀nù 1.44 ní 1963 sí 5.73 ní 1991. Ọmọ wa wà nínú wọn.

Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́ láti sọ orí di púpọ̀, a sọ ìjọba di púpọ̀. Ìlànà ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ènìyàn 150,000. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìbàràpá nígbà náà, tí Èrúwà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Lónìí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀ ni olú-ìlú wọn, kò sì sí èyí tí ó tó 120,000 ènìyàn nínú òǹkà 2006. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó jà fún un. Bí a bá ń pín 40 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́gbadọ́gba, ẹni tí ó pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta gba ìpín mẹ́ta. Ṣùgbọ́n alága mẹ́ta, ìgbìmọ̀ mẹ́ta àti ọ́fíìsì mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú owó náà kí ó tó kan oògùn ní ilé ìwòsàn.

Ìfojúdíwọ̀n àti ọjọ́ iwájú

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìfojúdíwọ̀n ti ń di ìwọ̀n ìnáwó. Ní Amẹ́ríkà, Ìpínlẹ̀ California ní 1979 àti Ìpínlẹ̀ Colorado ní 1992 fi í sínú òfin pé ìnáwó ìjọba kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i ju bí owó ọjà àti iye ènìyàn bá ti pọ̀ sí i lọ. Ní Colorado, nígbà tí ìkànìyàn 2000 dé, wọ́n rí i pé ènìyàn wọn ju èyí tí wọ́n ti ń fojú dá ní gbogbo ọdún 1990 wọ̀nyẹn lọ. Ìjọba ti ń fi ìwọ̀n tí ó kéré ná owó. Àwọn náà ṣìṣe, ṣùgbọ́n ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ó já àṣìṣe wọn.

Àwa ní tiwa kò tíì kà láti 2006. Wọ́n ti ṣètò láti kà ní oṣù Karùn-ún 2023, ṣùgbọ́n ìjọba sún un síwájú ní ìparí oṣù Kẹrin. Iye ènìyàn fi ìdá 30 kó ipa nínú ìpínwó àwọn ìpínlẹ̀ láti ọdún 1990, ìfojúdíwọ̀n láti orí 2006 sì ni a fi ń ṣètò. Bí a bá fi ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún kún mílíọ̀nù 5.58 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún, ní ogún ọdún yóò di bí mílíọ̀nù 10.5. Bí ìdá 2.5 ni, yóò di bí mílíọ̀nù 9.1. Àwọn tí ó wà láàárín méjèèjì lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n tó bí ìlọ́po mẹ́rin gbogbo Ìbàràpá ti 2006. Ṣé kí a kọ́ ilé-ìwé fún wọn ni, àbí wọn kò sí? Bí a bá kọ́ ọ tí wọn kò sí, a ti fi owó ṣòfò. Bí a kò bá kọ́ ọ tí wọ́n sì wà, a ó tún ṣe 1955 lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá kan náà ni a fi kún ti gbogbo ìpínlẹ̀, ìfojúdíwọ̀n kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún ìpín wa. Ẹrù nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i lórí ìwé.

Àsọkágbá

Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ kò ju èyí lọ. Nígbà tí òǹkà túmọ̀ sí gbèsè, a fi ọmọ pamọ́. Nígbà tí ó túmọ̀ sí owó, a jí òkú dìde. Ìgbà kan ṣoṣo tí a sọ òtítọ́ ni ìgbà tí òǹkà túmọ̀ sí ìlera àwọn ọmọ wa gan-an.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé ìkànìyàn tuntun nìkan yóò wò wá sàn, bí a tilẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kà á. Òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 1992 pé kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tí Igbó-Ọrà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963 nìyẹn, láìsí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìwé àti ẹsẹ̀ tí kò rẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a jà fún bá lè ṣe iṣẹ́ yìí nìkan ní àṣepé, a ó ní òǹkà tí ẹnikẹ́ni kò lè jí, tí àwa náà kò sì lè fi kún.

Ìyá tí ó bí baba mi ní Ọlọ́run ni ó mọ iye ọmọ-ọmọ òun. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àbúrò mi kan kú ní ọmọ ọwọ́, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ọ̀dọ́mọdé oníṣègùn kan iye àwọn tí ó kù, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ẹnìkan sílẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún ni kò tíì dé.